Eyín Tí A Yọ Lẹ́yìn Rẹ

Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mosúnmọ́lá ọmọ mi, Àdùkẹ́ mi,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara rẹ le, nítorí mo mọ̀ pé kò le. Ẹni tó kọ irú ọ̀rọ̀ tí o kọ sórí fóònù mi lọ́jọ́ Ajé kò lè ní àlàáfíà. O ní iṣẹ́ tuntun tó yẹ kí o bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní Èkó, o ò ní lọ mọ́. O ní apòògùn tí kò lè tọ́jú ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ara rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n fi òògùn ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i lọ́wọ́. O ní ìwọ lo sọ pé kí Màmá Ìtòkò gba òògùn yẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí eyín wọn já bọ́, tí erìgì wọn fi ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Mosún, eyín yẹn kò já bọ́. Wọ́n yọ ọ́ ni. Èmi ni mo mú ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Ìtòkò rẹ, lọ yọ ọ́ ní Òkè-Ìléwó, lọ́jọ́ tí o lọ wá ilé sí Èkó.

Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ kí n lè sọ ọ́, ẹnu mi kọ̀, mo wá ń béèrè iye tí wọ́n ń ta tòmátì lọ́dọ̀ yín. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́tà kíkọ, jẹ́ kí n rí èrè rẹ̀ jẹ lónìí. Jókòó, kà á dópin, kí o tó bínú. Bí o bá fẹ́ bínú, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n má kọ̀wé kọ iṣẹ́ yẹn. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ìka tìrẹ kọ́ ló ṣẹ̀.

Owú ló fa gbogbo rẹ̀. Mo jowú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ń jowú wọn títí di ìṣẹ́jú tí mò ń kọ̀wé yìí. Bàbá rẹ, tó jókòó sí pálọ̀ tó ń ṣe bí ẹni pé rédíò ló ń gbọ́, sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé, "Ìyá Mosún, aláìsàn lo wá ń bá jowú? Òjòwú kì í lẹ́ran láyà o." Mo ní kí wọ́n wò mí dáadáa, ẹran wà láyà mi, ó tún kù. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá lọ tí mo sunkún, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìdajì ìtàn náà lo mọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni ọ́ nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Odẹ́dá. Bàbá rẹ ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tí yóò gbé ọ. Yàrá tí mo rí gbà ń jò, omi kànga la ń mu. Ẹ̀gbọ́n mi, tí Ọlọ́run kò fún lọ́mọ, ní kí n fi ọ́ sọ́dọ̀ àwọn ní Ìtòkò. Mo ní fún sáà kan péré. Sáà kan náà di ọdún márùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń wá, pẹ̀lú àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Àǹtí bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo tíṣà obìnrin, ìwọ náà sì gbà á lẹ́nu wọn. Màmá ni ẹni tó wà nílé. Àǹtí ni ẹni tó ń ti Odẹ́dá mú àgbàdo wá.

Ọjọ́ tí mo wá mú ọ, o di ìró ẹ̀gbọ́n mi mú. Mo já ọ gbà lára wọn. Nínú ọkọ̀, o ní, "Àǹtí, ẹ dá mi padà sọ́dọ̀ màmá mi." Mo gbá ọ létí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Mo tún ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má yọjú sí wa fún odindi sáà kan, títí ìwọ yóò fi mọ ẹni tó bí ọ. Ibà kọ lù ọ́ láàárín ìgbà náà, o kọ oúnjẹ lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ṣì ń ṣe agídí. Bàbá rẹ ló lọ pè wọ́n láìsọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi dé, wọ́n fi ṣíbí po ẹ̀kọ, o mu ún tán. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi dùn pé o jẹun, inú mi sì bàjẹ́ pé ọwọ́ wọn lo ti jẹ ẹ́. Wo irú ẹni tó bí ọ.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ti inú èyí jáde, tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí o máa bímọ tìrẹ. Àwọn ènìyàn máa ń fi òwe tu ìyá nínú pé ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Mo kórìíra òwe yẹn nígbà náà. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ojú méjì ń ṣe nígbà tí igba ojú ń wo ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá fẹ́ràn ọmọ rẹ ju bí ọwọ́ tìrẹ ṣe tó o lọ, lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún láàárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an. Bí o bá jẹ́ kí ọpẹ́ yẹn sùn sí ọ nínú, ó máa kan. Tèmi ti kan láti ìgbà tí o ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ní báyìí, jẹ́ ká wá sórí àìsàn yìí.

Nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, tí wọ́n tún ní ó ti ran ẹ̀dọ̀, ìwọ lo ń bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀. O rántí ọjọ́ tí o wá ṣàlàyé òògùn tuntun tí wọ́n fẹ́ fi kún èyí tí wọ́n ń fà sí wọn lára? O jókòó sórí ibùsùn wọn. O ní, "Màmá, kókó jẹjẹrẹ yìí ò lóúnjẹ tirẹ̀. Ó máa ń ránṣẹ́ sí ara yín ni pé kí ó la iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun wá sọ́dọ̀ òun, kí òun lè máa rí jẹ. Òògùn yìí á dá iṣẹ́ tó ń rán yẹn dúró. Iṣan tuntun ò ní hù, ebi á wá máa pa á." Ẹ̀gbọ́n mi ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Àfòmọ́ ni. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ó pọ̀ lórí igi obì bàbá wa." O pàtẹ́wọ́, o dì mọ́ wọn, o ní àwọn ló yẹ kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín.

Èmi náà mọ àfòmọ́, Mosún. Igi obì bàbá tèmi náà ni. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní kí n jókòó.

O wá kọ ìwé ìlànà, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì wọn: kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, kí wọ́n pè ọ́ bí orí bá ń fọ́ wọn tàbí bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, àti àwọn nǹkan mìíràn. Lánàá ni mo tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìdí ni pé lókè pátápátá, o kọ "Màmá mi ọ̀wọ́n" síbẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo ní kì í ṣe èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí, mi ò ní kà á. Èmi tí mo máa ń na ọmọ tí kò bá ka ìwé! Mo ń ṣí fíríìjì yẹn lójoojúmọ́, mò ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlà kẹrin ló wí pé wọn ò gbọdọ̀ yọ eyín, wọn ò sì gbọdọ̀ gba abẹ kankan, láìjẹ́ pé dókítà tó ń fún wọn lóògùn mọ̀ ṣáájú.

Ọjọ́ tí o lọ sí Èkó, eyín ń ro wọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú. Mo ní kí a lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Wọ́n ní, "Jẹ́ kí Mosún dé ná."

Jẹ́ kí Mosún dé. Gbólóhùn yẹn gún mi. Mo ní, "Ṣé Mosún nìkan ló mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ni? Èmi àbúrò yín ò tó mú yín lọ síbì kan?"

Mo di ọwọ́ wọn mú pé kí a dìde. Wọ́n ní, "O tó, Dúpẹ́. Bá mi mú gèlè mi wá."

Dókítà eyín náà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, béèrè pé, "Mama, ẹ̀ ń lo òògùn kankan báyìí?" Mo dáhùn kí ẹ̀gbọ́n mi tó la ẹnu. Mo ní òògùn ara ríro lásán ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ jẹjẹrẹ, yóò ní kí a kọ́kọ́ lọ gba ìwé wá láti ilé ìwòsàn, wọ́n á sì pè ọ́, ìwọ ni wàá tún wá yanjú rẹ̀. Mo fẹ́ yanjú ohun kan fún wọn kí o tó dé. Ó yọ eyín, ó fún wa ní òwú, a wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí lé èjìká mi. Mo gbádùn ìrìn yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mò ń ronú bí wọn yóò ṣe sọ fún ọ pé Dúpẹ́ ló gba àwọn lọ́wọ́ eyín.

Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Lọ́jọ́ kejì, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ihò yẹn ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tí o dé tí o ní kí wọ́n la ẹnu, mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé àṣírí mi tú nìyẹn. Wọ́n ní, "Níbi tí mo ti ń jẹ ẹran ló ti já bọ́." Wọn ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ojú rẹ fà ro. O ní, "Èmi ni mo fà á." Mo gbọ́ ọ, Mosún. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wa, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ọ̀rọ̀ eyín dùn mí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wẹ̀yìn wò lálẹ́ ọjọ́ Ajé lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán, mo rí i pé ọmọ tí mo gbá létí nínú ọkọ̀ ni mo tún fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba Ìtòkò lọ, mo ka ìwé ara fíríìjì yẹn níkẹyìn, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi múra, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà wọn, mo sì jẹ́wọ́.

Dókítà náà kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, Mama. À ń wá ìdí rẹ̀ káàkiri." Ó ṣàlàyé fún mi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí òògùn náà fi ń du kókó, irú rẹ̀ náà ni ojú egbò nílò kó tó lè san. Òògùn ò mọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀tá yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ara. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fi abẹ kan ènìyàn. Wọ́n rán erìgì náà. Òògùn yẹn yóò ṣì dúró títí ojú egbò yóò fi padé dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo béèrè bóyá àfòmọ́ yẹn ò ní rí ààyè gbilẹ̀ láàárín ìgbà tí a fi dá òògùn dúró. Ó ní àwọn yóò máa ṣọ́ ọ, òun ò lè ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ìyẹn, àti èmi àti ìwọ la jọ máa gbé e báyìí. Ṣùgbọ́n ó ní kí n sọ fún ọ pé gbogbo ohun tí o ṣe ló tọ̀nà, àti pé ìwé tó wà lára fíríìjì yẹn, òun fẹ́ gba ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Gba ọgbọ́n, ọmọ mi.

Èkíní, nígbà tí o bá dé wọ́ọ̀dù tuntun yẹn, má kọ ìwé ìlànà sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé. Kọ orúkọ gbogbo wọn sókè. Kó wọn jọ, kí o sì kà á sí wọn létí.

Èkejì, nínú gbogbo ilé tí aláìsàn bá wà, wá ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó mú ife omi dání. Onítọ̀hún wà níbẹ̀ dájúdájú. Ó lè jẹ́ àbúrò, ó lè jẹ́ ìyàwó ọmọ, ó lè jẹ́ ọkọ. Fún un níjòókòó, kí o sì fún un níṣẹ́. Ká ní o sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin ni kí ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá," ǹ bá ti ka ìwé yẹn títí á fi gbó. Mi ò fi èyí dá ara mi láre. Mò ń sọ ibi tí ọ̀fìn wà fún ọ ni.

Ẹ̀kẹta, fi èdè tó yé wọn ṣàlàyé, kí o sì ní kí wọ́n sọ ọ́ padà fún ọ. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa pé wọ́n ń dí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ìgò òògùn ẹ̀jẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kó wá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń tán. Mo rò pé òótọ́ ni, ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ò mu ún. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òògùn náà yóò pa jẹjẹrẹ. Sọ bí o ṣe sọ fún wa, pé ebi ló ń fi pa á, pé àwọn òògùn yòókù ń bá a ṣe é, pé a ò mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi nígbà tí à ń bọ̀ lánàá, nítorí mi ò tíì bọ́ nínú rẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ má bínú, mi ò ka ìwé tí Mosún lẹ̀ mọ́ fíríìjì."

Wọ́n ní, "Èmi kà á."

Mo ní, "Ẹ kà á? Ẹ mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n yọ eyín yẹn?"

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Dúpẹ́, láti ọjọ́ tí o ti wá mú ọmọ rẹ kúrò nílé mi, o ò di ọwọ́ mi mú mọ́. Ọjọ́ yẹn lo dì í mú. Mi ò lè sọ pé kí o fi í sílẹ̀."

Àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Gbogbo ọdún tí mo fi ń jowú wọn nítorí rẹ, wọn ò fẹ́ gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi rárá. Èmi ni wọ́n ń wá.

Nítorí náà, Àdùkẹ́, mò ń bẹ̀ ọ́, lọ síbi iṣẹ́ yẹn. Àwọn ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n nílò ẹni tó lè jókòó sórí ibùsùn ṣàlàyé àfòmọ́ fún wọn. Láti òní lọ, èmi ni n ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìtòkò, n ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ láràárọ̀. Mo ti da ìwé rẹ kọ sínú ìwé àjákọ mi. Mo kọ́ ìlà kẹrin sórí.

Bàbá rẹ ló gbé lẹ́tà yìí wá, torí mi ò lè fi í rán awakọ̀. Fún wọn lóúnjẹ, kí o má sì bi wọ́n léèrè ohunkóhun, àárọ̀ yìí ni àwọn náà tó gbọ́.

Bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kọ́kọ́ yà ní Ìtòkò, gẹ́gẹ́ bí o ti máa ń ṣe. Kí màmá rẹ, wo erìgì wọn, pẹ́ lọ́dọ̀ wọn bó bá ṣe wù ọ́. N ó máa jowú, ó ti mọ́ mi lára, n ó sì máa fara dà á. Ṣùgbọ́n má jẹun níbẹ̀ o. Mo ti gba ìrẹsì láti Ọ̀fàdà, ata rẹ̀ ni mo máa dín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ti se oúnjẹ dè ọ́. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, Mosún, kí wọ́n gbọ́, kí ìwọ náà fi etí ara rẹ gbọ́ ọ: ìyá mi.

Èmi tí mo bí ọ,
Àǹtí Odẹ́dá.